Ilé Tó Múlé Ti Iléèwé Olókìkí: Ṣé Ó Tó Owó Tí Wọ́n Ń Dá Lé E?

Lẹ́tà mẹ́ta ló tẹ̀ wá lọ́wọ́ lóṣù yìí lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, láti ọ̀dọ̀ àwọn òǹkàwé wa tó ń gbé ní gúúsù ìlà-oòrùn London: báwo ni òbí ṣe yẹ kó ka òṣùwọ̀n iléèwé sí tó bá fẹ́ yan ibi tí yóò ra ilé sí? A ti yọ orúkọ àwọn tó kọ̀wé àti orúkọ iléèwé tí wọ́n dá kúrò. Lẹ́tà àkọ́kọ́ la fún ní àyè jù, nítorí pé ìbéèrè inú rẹ̀ kò jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ìdílé wa sùn.

ÌBÉÈRÈ KÌÍNÍ

Ẹ̀yin olùdáhùn wa, mo kí yín o. Nọ́ọ̀sì ni mí, iṣẹ́ alẹ́ ni mo sì ń ṣe jù. Ọkọ mi ń wa bọ́ọ̀sì. Ọmọ mẹ́ta la bí. Àgbà wọn jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ó wà ní Year 5, kíláàsì tó ṣáájú èyí tó gbẹ̀yìn ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Èyí tó tẹ̀lé e jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà, àbíkẹ́yìn sì jẹ́ ọmọ ọdún méjì. Ọdún kẹjọ rèé tí a ti ń gbé ilé àyágbé ní Thamesmead, a kò sì ní ilé kankan níbikíbi rí. A ti tu £45,000 jọ, ilé méjì la sì rí. Èkíní jẹ́ £420,000, yàrá ibùsùn méjì ló ní, iléèwé sẹ́kọ́ńdìrì kan tí Ofsted, àjọ tó ń bẹ iléèwé wò nílẹ̀ England, pè ní Outstanding, òṣùwọ̀n tó ga jù, ló wà nítòsí rẹ̀. Ajẹ́ǹtì sọ fún wa pé inú agbègbè iléèwé náà gan-an ni ilé wà, pé kò ju 0.7 máìlì lọ. Èkejì jẹ́ £365,000, yàrá ibùsùn mẹ́ta àti ọgbà kékeré lẹ́yìn, ó sì sún mọ́ ibi iṣẹ́ mi, ṣùgbọ́n Good ni wọ́n pe iléèwé tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọkọ mi ní ilé àkọ́kọ́ ni a ó rà. Ó ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ẹ̀rù owó ń bà mí, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí àwọn ọmọ mi wá sọ lọ́la pé èmi ni mo dí wọn lọ́nà. Kí ni kí n ṣe?

— Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, Thamesmead

ÌDÁHÙN

Ìyá wa, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àìsùn. Mo bọ̀wọ̀ fún òwe tí bàbá àwọn ọmọ pa, mi ò sì ní bá wọn jiyàn lórí rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin méjèèjì jọ wò ni pé ẹni tó kọ́kọ́ pa òwe náà kò sọ pé iléèwé nìkan ló ń kọ́ ọmọ, kò sì sọ pé kí a tìtorí à ń kọ́ ọmọ ra ilé tí agbára wa kò ká.

Kí a tó dé orí òṣùwọ̀n, ìbéèrè kan ṣáájú: ṣé iléèwé náà yóò gba ọmọ yín? Nílẹ̀ England, tí àwọn tó ń béèrè àyè bá ju àyè tó wà lọ, iléèwé kò lè mú ẹni tó wù ú; ó gbọ́dọ̀ tẹ̀lé ètò tó ti kọ sílẹ̀, tó sì ti gbé jáde fún gbogbo ènìyàn. Ọmọ tí wọ́n kọ orúkọ iléèwé náà sínú ìwé tí ìjọba ìbílẹ̀ fi ń ṣètò ìrànlọ́wọ́ fún ọmọ tó nílò àbójútó pàtàkì ni yóò kọ́kọ́ wọlé, ọmọ tó wà lábẹ́ ìtọ́jú ìjọba tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà ó sábà máa ń kan ọmọ tó ní ẹ̀gbọ́n níbẹ̀. Àwọn iléèwé Kátólíìkì àti ti Áńgílíkà lè béèrè lẹ́tà lọ́wọ́ àlùfáà yín. Ẹ̀yìn gbogbo èyí ni ìjìnnà ilé máa ń kàn, wọ́n sì sábà máa ń wọ̀n ọ́n bí ìgbà tí a bá na okùn láti ilé dé iléèwé, láìka bí títì ṣe yí po. Nítorí náà, agbègbè tí ajẹ́ǹtì ń sọ kì í sábà jẹ́ ààlà tí ẹnì kan fà sórí ilẹ̀. Ibi tí àyè bá tán sí lọ́dún kọ̀ọ̀kan ni ààlà ọdún náà, ẹni tó bá fẹ́ ta ilé kò sì lè fọwọ́ sọ̀yà lórí rẹ̀ fún ọdún tó ń bọ̀.

Ẹ lọ sí ojú-ìwé íńtánẹ́ẹ̀tì ìjọba ìbílẹ̀ tí iléèwé náà wà lábẹ́ rẹ̀, kí ẹ wá ìwé tí wọ́n fi ń ṣàlàyé bí wọ́n ṣe pín àyè. Ìjìnnà ọmọ tó wọlé kẹ́yìn máa ń wà níbẹ̀. Ẹ wo ti ọdún mẹ́ta, kì í ṣe ti ẹyọ kan. Ká ní ó jẹ́ 1.1 máìlì lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, tó bọ́ sí 0.9 lọ́dún tó tẹ̀lé e, tó wá di 0.75 lọ́dún tó kọjá, a jẹ́ pé ilé tó wà ní 0.7 máìlì ti wà létí bèbè nìyẹn, ó sì ṣeé ṣe kí ẹ san £420,000 kí wọ́n ṣì dá ọmọ yín padà. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Thamesmead mọ̀ pé apá kan ìlú náà wà lábẹ́ Greenwich, apá kejì sì wà lábẹ́ Bexley. Ẹ má jẹ́ kí ìyẹn dẹ́rù bà yín: láti ọdún 1989 ni ilé-ẹjọ́ ti dá a, nínú ẹjọ́ tó kan Greenwich fúnra rẹ̀, pé ìjọba ìbílẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ti ọmọ sẹ́yìn kìkì nítorí pé ìyá àti bàbá rẹ̀ ń gbé lódì kejì ààlà.

Ọ̀rọ̀ àkókò tún wà níbẹ̀. Ọmọ yín àgbà wà ní Year 5, èyí tó túmọ̀ sí pé ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá tí ó bá wà ní Year 6 ni fọ́ọ̀mù tí ẹ ó fi béèrè àyè sẹ́kọ́ńdìrì fún un gbọ́dọ̀ ti wọlé, ọjọ́ kìíní oṣù Kẹta lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹ ó sì gbọ́ èsì. Ilé rírà lórílẹ̀-èdè yìí sábà máa ń ju oṣù mẹ́ta lọ kó tó parí, ọ̀pọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ kò sì ní ka àdírẹ́sì tuntun sí àfi tí àwọn agbẹjọ́rò ìhà méjèèjì bá ti pààrọ̀ ìwé àdéhùn. Tí ẹ bá kó wọlé ní oṣù Kejìlá, ó lè jẹ́ pé ilé tí ẹ ń kó jáde ni wọ́n ti fi wọ̀n yín. Mo ti rí ìdílé tí ó bọ́ sínú kòtò yìí, owó ti lọ, iléèwé kò sì bọ́ sí i.

Ó wá kan òṣùwọ̀n fúnra rẹ̀. Ọdún 1992 ni wọ́n dá Ofsted sílẹ̀, fún ọ̀pọ̀ ọdún sì ni ó fi ń parí gbogbo ohun tó bá rí nínú iléèwé sí ọ̀kan nínú orúkọ mẹ́rin: Outstanding fún èyí tó ta yọ, Good fún èyí tó dára, Requires Improvement fún èyí tó ní àtúnṣe láti ṣe, àti Inadequate fún èyí tí kò kúnjú òṣùwọ̀n. Nǹkan bí ọjọ́ méjì ni àwọn alábẹ̀wò sábà máa ń lò nínú iléèwé. Láti ọdún 2012 títí di 2020, òfin yọ àwọn iléèwé tó ti gba Outstanding kúrò nínú àbẹ̀wò tó máa ń wáyé látìgbàdégbà, débi pé àwọn kan wà tí alábẹ̀wò kò yà lọ́dọ̀ wọn fún ọdún mẹ́wàá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí àmì náà ṣì wà lára géètì wọn. Nígbà tí Ofsted padà sọ́dọ̀ irú àwọn iléèwé bẹ́ẹ̀ ní ọdún ẹ̀kọ́ 2021 sí 2022, nǹkan bí mẹ́rin nínú márùn-ún àwọn tó bẹ̀ wò ló pàdánù orúkọ náà.

Mo ti jẹ nínú rẹ̀ rí. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, èmi àti ìyàwó mi san owó tó lé lórí ilé kan nítorí iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà ní ìparí òpópónà náà. Àbẹ̀wò tó fún iléèwé ọ̀hún lórúkọ ti pé ọdún mẹ́jọ nígbà tí a ra ilé. Ọ̀gá tí wọ́n torí rẹ̀ yìn ín ti fẹ̀yìn tì, olùkọ́ mẹ́ta ni ó sì kọ́ ọmọbìnrin mi láàárín ọdún kan ṣoṣo. Nígbà tí àwọn alábẹ̀wò padà wá, orúkọ já wálẹ̀ ní ìpele méjì. Ohun tó dùn mí títí dòní ni pé mo wọ inú ilé náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí n tó fọwọ́ síwèé, mi ò wọ inú iléèwé náà lẹ́ẹ̀kan.

Orúkọ mẹ́rin yẹn pàápàá ti kúrò nílẹ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún 2023 ni Ruth Perry, ọ̀gá àgbà iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Caversham nílùú Reading, gba ẹ̀mí ara rẹ̀ lẹ́yìn àbẹ̀wò tí ó fa iléèwé rẹ̀ wálẹ̀ láti orí Outstanding sí Inadequate; adájọ́ tó wádìí ikú rẹ̀ sì sọ lóṣù Kejìlá ọdún náà pé àbẹ̀wò ọ̀hún lọ́wọ́ nínú ikú náà. Láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, Ofsted kò tún fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo dá iléèwé ìjọba lẹ́jọ́ mọ́. Láti oṣù Kọkànlá ọdún 2025, ó ń gbé ìwé kan jáde tí ó ń wọn ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀: ẹ̀kọ́, ìwà ọmọ àti wíwá sí iléèwé, ìdarí, bí wọ́n ṣe ń gba gbogbo ọmọ mọ́ra, àti àwọn mìíràn, nígbà tí ààbò ọmọ dá dúró, bóyá ó pé tàbí kò pé. Ẹ wá ronú sí i, ìyá wa: tí ajẹ́ǹtì bá ṣì ń sọ pé Outstanding ni wọ́n pe iléèwé yẹn, a jẹ́ pé àbẹ̀wò tó ti wáyé ṣáájú oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024 ló ń tà fún yín. Ẹ bi í léèrè ọdún tí àbẹ̀wò náà wáyé. Ẹ béèrè bóyá ọ̀gá tó wà níbẹ̀ nígbà náà ṣì wà níbẹ̀.

Èmi kò sọ pé kí ẹ kó òṣùwọ̀n dànù. Bí àbẹ̀wò bá sọ pé ààbò ọmọ kò pé níbì kan, tàbí pé ìwà ìpáǹle ti gbòde kan ní kíláàsì, ọ̀rọ̀ tó wúwo gan-an nìyẹn, mi ò sì ní ra ilé sí ìtòsí rẹ̀ àfi tí mo bá rí ẹ̀rí pé wọ́n ti tún un ṣe. Ṣùgbọ́n ààlà tó wà láàárín Good àti Outstanding kò fẹ̀ tó bí owó ilé ṣe ń mú un fẹ̀. Àwọn onímọ̀ Yunifásítì York àti King's College London tẹ̀lé akẹ́kọ̀ọ́ tó ju 4,000 lọ nílẹ̀ England, wọ́n sì gbé èsì jáde ní nǹkan bí ọdún márùn-ún sẹ́yìn: òṣùwọ̀n Ofsted ti iléèwé sẹ́kọ́ńdìrì ṣàlàyé ìdá 4 péré nínú ọgọ́rùn-ún ìyàtọ̀ tó wà láàárín èsì ìdánwò àwọn ọmọ náà ní ọdún mẹ́rìndínlógún, nígbà tí wọ́n sì yọ ohun tí ọmọ ti mọ̀ kó tó wọ sẹ́kọ́ńdìrì àti ipò ìdílé rẹ̀ kúrò, ohun tó ṣẹ́kù kò tó ìdá 1. Èyí kò túmọ̀ sí pé iléèwé kò ṣe nǹkan kan fún ọmọ. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé àmì tó wà lára géètì kò sọ púpọ̀ nípa bí ọmọ tiyín yóò ṣe ṣe dáadáa tó.

Ẹ jẹ́ ká wá kó owó náà sílẹ̀ kà. Ní ọdún 2017, iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ilẹ̀ England wádìí bí ilé ṣe ń gbówó lórí nítorí iléèwé, wọ́n sì rí i pé ilé tó wà lẹ́bàá àwọn iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà nínú ìdá 10 tó dára jù fi ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún wọ́n ju àwọn tó yí wọn ká. Ti iléèwé sẹ́kọ́ńdìrì tí kì í fi ìdánwò yan ọmọ sì jẹ́ 6.8. £55,000 tó wà láàárín ilé yín méjèèjì jẹ́ ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ilé èkejì, ilé tó wọ́n jù yẹn sì tún fi yàrá kan dín. Tí èlé báńkì bá jẹ́ ìdá 5 tí ẹ sì fẹ́ fi ọgbọ̀n ọdún san án, £55,000 yẹn nìkan yóò máa gba nǹkan bí £295 lọ́wọ́ yín lóṣooṣù, yóò sì ti lé ní £106,000 kí ẹ tó san án tán. Owó-orí stamp duty tí ẹni tó ń ra ilé fún ìgbà àkọ́kọ́ ń san yóò jẹ́ £6,000 lórí ilé àkọ́kọ́, £3,250 lórí èkejì, inú £45,000 yín yẹn náà ni yóò sì ti jáde. Ọ̀pọ̀ báńkì kì í fẹ́ yá ènìyàn ju nǹkan bí ìlọ́po mẹ́rin ààbọ̀ owó ọdún rẹ̀ lọ. Fún £381,000 tí ẹ ó yá lórí ilé àkọ́kọ́ lẹ́yìn owó-orí náà, owó oṣù ẹ̀yin méjèèjì gbọ́dọ̀ lé ní £84,000 lọ́dún, nígbà tí nǹkan bí £72,000 lè tó fún £323,250 ti ilé èkejì.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ká mi lára jù ni ibi iṣẹ́ alẹ́ yín. Ibo ni £295 yóò ti máa wá? Ẹ̀yin àti èmi mọ̀ ọ́n: alẹ́ kan sí i lóṣù, lẹ́yìn náà alẹ́ méjì, tí bàbá náà yóò máa fi ọjọ́ Àìkú wa bọ́ọ̀sì. Ọmọ ọdún mọ́kànlá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ sẹ́kọ́ńdìrì yóò ti iléèwé tó gba àmì bọ̀, yóò bá ilé láìsí àgbà tó jí, yóò sì máa wá ibi tí yóò gbé ìwé lé nínú yàrá kan tí òun, àbúrò rẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́jọ àti èyí tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin jọ ń lò. Yàrá kẹta yẹn, àti ìyá tó wà nílé lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun láti béèrè pé, "Kí ni wọ́n kọ́ yín lónìí?" wà lára ẹ̀kọ́ tí òwe bàbá àwọn ọmọ ń sọ.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó gba ilé èkejì, ẹ ṣe fún iléèwé Good yẹn ohun tí èmi kò ṣe. Ẹ kọ̀wé sí wọn kí wọ́n fún yín ní ọjọ́ tí ẹ lè wá wò wọ́n lásìkò iṣẹ́, yàtọ̀ sí ọjọ́ àlejò tí wọ́n ń tún gbogbo nǹkan ṣe dè yín. Ẹ dúró sí ẹnu géètì nígbà tí wọ́n bá jáde lọ́sàn-án, kí ẹ wo bí àwọn ọmọ ṣe ń bá ara wọn àti olùkọ́ sọ̀rọ̀. Ẹ béèrè iye ọdún tí ọ̀gá àgbà ti lò, iye olùkọ́ ìṣirò tó fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́dún tó kọjá, àti iye ọmọ tí wọ́n lé sílé fún ìjìyà. Lórí ojú-ìwé tí ìjọba fi ń ṣe àfiwé iléèwé, ẹ wá Progress 8, èyí tó ń wo bí ọmọ ṣe tẹ̀síwájú láti ọdún mọ́kànlá sí mẹ́rìndínlógún, tó sì ń fi í wé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ láti ibì kan náà; ó sàn ju èsì ìdánwò lásán, nítorí iléèwé tó bá gba kìkì ọmọ tó ti mọ̀wé kò ní ṣàì ní èsì tó dára. Ti ọdún 2024 ni kí ẹ wò, nítorí pé wọn kò ṣe é fún 2025 àti 2026: àwọn ọmọ ọdún wọ̀nyẹn kò ṣe ìdánwò ìparí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà tí àrùn Kòrónà dé ní 2020 àti 2021.

Bí ohun tí ẹ bá rí níbẹ̀ bá tẹ́ yín lọ́rùn, ilé £365,000 ni èmi yóò rà. Ẹ sì rántí pé iléèwé mẹ́fà ni fọ́ọ̀mù London gbà yín láyè láti kọ, àti pé ọmọ ọdún mọ́kànlá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kì í sanwó bọ́ọ̀sì ní London tó bá ti gba káàdì rẹ̀, nítorí náà kò di dandan kí iléèwé wà ní ẹ̀yìnkùlé yín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka ìdáhùn yìí fún bàbá àwọn ọmọ nígbà tí ara bá tù wọ́n. Ìfẹ́ ọmọ ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn, èmi náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

ÌBÉÈRÈ KEJÌ

Ẹ kú iṣẹ́ ìwé, sà. Year 4 ni ọmọkùnrin mi àgbà wà, àbúrò rẹ̀ obìnrin wà ní Year 2. Gbogbo ènìyàn ní ìjọ wa ló ń kó lọ sí Dartford, ní agbègbè Kent tó múlé ti London, nítorí àwọn iléèwé girama ibẹ̀. Ṣé kí n ta ilé mi ní Woolwich kí n tẹ̀lé wọn kí ọmọ tó ṣe ìdánwò?

— Bàbá Woolwich

ÌDÁHÙN

Bàbá, ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà ṣì wá lọ́nà. Nílé, iléèwé girama ni a ń pe gbogbo sẹ́kọ́ńdìrì, àwọn àgbàlagbà wa kan sì ń gbọ́ "ó ti wọ girama" bíi pé ọmọ kàn ti kúrò ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni. Níhìn-ín, girama ni iléèwé ìjọba tó ń fi ìdánwò yan ọmọ ní ọdún mọ́kànlá. 163 péré ni wọ́n jẹ́ ní gbogbo ilẹ̀ England, 32 nínú wọn sì wà ní Kent.

Kò di dandan kí ẹ máa gbé Kent kí ọmọ yín tó jókòó ṣe ìdánwò náà. Oṣù Kẹfà tí ọmọ bá wà ní ìparí Year 5 ni ìforúkọsílẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, oṣù Kẹsàn-án ni ìdánwò, oṣù Kẹwàá sì ni èsì ń jáde, kí ọjọ́ 31 tí fọ́ọ̀mù ń parí tó pé. Ẹ̀yìn èsì ni àdírẹ́sì ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́, nítorí pé kí ọmọ yege kò sọ pé àyè ti wà fún un. Àwọn iléèwé kan ń to àwọn tó yege bí máàkì wọn ṣe ga sí, àwọn mìíràn ń wo ìjìnnà ilé, àwọn kan sì ya iye àyè kan sọ́tọ̀ fún àwọn tó wà nítòsí. Ẹ ka ètò iléèwé kọ̀ọ̀kan tí ẹ ń fojú sí, nítorí ti ọ̀kan kì í ṣe ti èkejì. Bexley tó wà lẹ́bàá yín lọ́hùn-ún náà ní girama mẹ́rin àti ìdánwò tirẹ̀, láìjẹ́ pé ẹ jáde kúrò ní London.

Ohun tí mo ń rí tí kì í jẹ́ kí ara mi balẹ̀ ni pé àwọn òbí wa ń ra ilé nítorí ọmọ tó bá yege, wọn kì í sì ronú nípa èyí tí kò bá yege. Àwọn iléèwé tó kù ní Kent ni yóò gba ọmọ tí ìdánwò náà kò bá bọ́ sí fún, iléèwé wọ̀nyẹn sì ti pàdánù ọ̀pọ̀ ọmọ tó yára mọ̀wé sọ́dọ̀ girama kí ilẹ̀kùn wọn tó ṣí. Àwọn kan nínú wọn ń ṣiṣẹ́ tó wú mi lórí. Ẹ kọ́kọ́ lọ wo àwọn yẹn ní Dartford. Tí ẹ kò bá rí ọ̀kan tí ọkàn yín yóò balẹ̀ láti fi ọmọ sí, a jẹ́ pé ilé tí ẹ fẹ́ rà yẹn kò dúró lórí nǹkan kan ju owúrọ̀ ìdánwò ẹyọ kan lọ. Ẹ̀yin náà sì ní ọmọ méjì. Bí ẹ̀gbọ́n bá yege, tí àbúrò kò yege, ilé kan náà ni àwọn méjèèjì yóò máa ti jáde láàárọ̀.

Èmi kò ní ta ilé Woolwich lọ́dún yìí. Jẹ́ kí ọmọkùnrin náà gbìyànjú ìwé ìdánwò àtijọ́ nílé fún oṣù mélòó kan, láìsí ariwo àti láìfi í wé ọmọ ẹnikẹ́ni nínú ìjọ, kí ẹ wo bóyá irú iṣẹ́ yẹn bá a lára mu. Bí ó bá ń sunkún lórí rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, èsì tí ẹ ń wá ti wà lójú yín. Bí inú rẹ̀ bá ń dùn sí i, ẹ lè kó lọ nígbà tó bá wọ Year 5. Kí ẹ tó kó lọ, ẹ béèrè ọjọ́ tí iléèwé kọ̀ọ̀kan fẹ́ kí ẹ ti máa gbé agbègbè náà, kí ẹ sì ṣírò owó ọkọ̀ ojú irin yín lọ sí ibi iṣẹ́ fún ọdún méje tí yóò lò níbẹ̀.

ÌBÉÈRÈ KẸTA

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ìyàwó mi lóyún ọmọ wa àkọ́kọ́. Peckham la wà, a sì fẹ́ ra fúláàtì. Ṣé iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó lórúkọ ló yẹ ká fi yan àdúgbò? Àǹtí mi kan sì sọ pé ká má wulẹ̀ da ara wa láàmú, pé a lè lo àdírẹ́sì òun tí àkókò bá tó.

— Bàbá ọ̀la, Peckham

ÌDÁHÙN

Àbúrò mi, ẹ kú oríire. Ọlọ́run yóò sọ ọ́ láyọ̀. Oṣù Kẹsàn-án lẹ́yìn tí ọmọ bá pé ọdún mẹ́rin ni yóò bẹ̀rẹ̀ iléèwé, ọjọ́ 15 oṣù Kìíní ọdún náà sì ni fọ́ọ̀mù ń parí. Ọgbọ̀n ọmọ ni òfin sọ pé kíláàsì àwọn ọmọ kékeré kò gbọ́dọ̀ jù, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tí wọ́n ń bí ní London ti dín kù débi pé ọ̀pọ̀ kíláàsì kò kún. Southwark tí ẹ wà, Lambeth, Hackney àti Camden ti pa àwọn iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan, wọ́n sì ti da àwọn mìíràn pọ̀. Láàárín ọdún mẹ́rin, iléèwé tí ẹ fẹ́ san owó gọbọi nítorí rẹ̀ lè ti yí ọ̀gá padà, ó lè ti gba òṣùwọ̀n mìíràn, ó sì lè má sí mọ́. Ní ọ̀pọ̀ àdúgbò yín, iléèwé tó dára ti ní àyè fún gbogbo ọmọ tó béèrè, ẹni tó sì sanwó ilé lé e lórí san án fún ohun tí aládùúgbò rẹ̀ rí gbà lọ́fẹ̀ẹ́.

Ti àdírẹ́sì àǹtí, ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, kí ẹ má sì ṣe é. Ìjọba ìbílẹ̀ ń yẹ ìwé owó-orí ilé wò, wọ́n sì láṣẹ láti gba àyè padà lọ́wọ́ ọmọ tí òbí rẹ̀ bá purọ́, nígbà mìíràn pàápàá lẹ́yìn tó ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 2008, ìjọba ìbílẹ̀ Poole ní gúúsù England ní kí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ máa ṣọ́ ìdílé kan káàkiri nítorí ọ̀rọ̀ àdírẹ́sì bẹ́ẹ̀. Ìdílé náà kò jẹ̀bi, ìgbìmọ̀ tó gbọ́ ẹ̀sùn náà sì sọ ní 2010 pé ṣíṣọ́ ọ̀hún kò bófin mu, ṣùgbọ́n ẹ rí bí wọ́n ṣe mú ọ̀rọ̀ náà le tó.

Ẹ ra fúláàtì tí owó oṣù ẹnì kan nínú yín lè gbé fún ìgbà tí ìyàwó yín bá wà nílé pẹ̀lú ọmọ. Ẹ wo ọ̀nà bọ́ọ̀sì, ibi tí ọmọ lè ṣeré sí, àti bóyá dókítà wà nítòsí. Nígbà tí ọmọ bá pé ọdún mẹ́ta, ẹ gbé e dání, kí ẹ lọ wo iléèwé mẹ́ta tó sún mọ́ yín jù.